Ọ́ìlì Tó Wọlé, Ọ́ìlì Tó Jáde

Mo mọ̀ pé láàárọ̀ Sátidé yìí ọ̀pọ̀ yín ti wà nídìí mọ́tò nínú ọgbà, pẹ̀lú báfù omi àti fóòmù, rédíò sì wà lórí wíńdò. Ẹ dákun, ẹ gbé fóòmù yẹn sílẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni mo gbé wá lónìí: bí èèyàn ṣe lè fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀, kí mọ́tò náà sì gbéra lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè láìsí wàhálà.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, mo kí àwọn mẹkáníìkì wa, pàápàá ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ NATA níbi gbogbo tí ẹ wà. Ẹ má bínú sí mi o, mi ò wá gba oúnjẹ lẹ́nu yín. Owó iṣẹ́ tí ẹ ń gbà lórí pípààrọ̀ ọ́ìlì kò tó nǹkan, gbogbo wa la mọ̀; ẹlòmíràn nínú yín kì í tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ oníbàárà tó ti mọ́ ọn lára. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ yìí ṣọ́ owó ná, kò ní rí púpọ̀ ṣọ́. Ohun tí mo ń wò ni pé ẹni tó bá ṣe é fúnra rẹ̀ mọ ohun tó wọ inú ẹ́ńjìnnì òun. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ bó ṣe pọ̀ tó, ó mọ ọjọ́ tó wọlé. Ó sì mọ ibi tí èyí tó jáde gbà lọ. Nílẹ̀ wa níbí, ẹ lè ní mọ́tò fún ogún ọdún kí ẹ má mọ ìkankan nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí ọ́ìlì ń ṣe. Nínú ẹ́ńjìnnì, irin ló ń yí lórí irin. Tí mọ́tò bá dúró jẹ́ẹ́ lójú kan tí kò rìn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń yí ní nǹkan bí ìgbà 700 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá bọ́ sí ojú márosẹ̀, ó lè tó 2,500 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí irin jẹ irin ni ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàrin wọn. Ọ́ìlì kan náà ló ń gbé ooru kúrò níbi tí omi rẹdiétọ̀ kò lè dé, bí abẹ́ písítìnì. Òun náà ló ń kó ẹ̀dú àti èérí tí epo tó jóná fi sílẹ̀, tó ń gbé wọn lọ fún fílítà.

Ọ̀rọ̀ èérí yìí máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á fa géèjì yọ, wọ́n á rí i pé ọ́ìlì tuntun ti dúdú, ni wọ́n á bá ké pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Ẹ fara balẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì ti po kẹ́míkà tó ń fọ nǹkan mọ́ ọn. Bí omi tí ẹ fi fọ aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ ṣe ń dúdú nítorí pé ìdọ̀tí ti kúrò lára aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ṣe ń dúdú nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá lo oṣù mẹ́ta nínú ẹ́ńjìnnì àgbà tí kò yí àwọ̀ padà rárá ni èmi máa ń fura sí.

Ìgbà wo wá ló yẹ ká pààrọ̀ rẹ̀? Àwọn mẹkáníìkì wa á ní oṣù mẹ́ta tàbí 3,000. Ẹ bi wọ́n: 3,000 kí ni? Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń wà wá láti Amẹ́ríkà, máìlì sì ni dáṣíbọ́ọ̀dù wọn ń kà. Máìlì 3,000 lé díẹ̀ ní kìlómítà 4,800. Ẹ wo ojú ibi tó ń ka eré: tí ẹ bá rí MPH gẹ̀dẹ̀gbẹ̀ níbẹ̀, máìlì ni mọ́tò yín ń kà, ẹni tó bá sì kọ 3,000 sílẹ̀ fún yín láìbéèrè kò ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, máìlì 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ni Toyota sọ fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ láwọn ọdún tó tẹ̀lé 2004. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 8,000. Ṣùgbọ́n Èkó kọ́ ni wọ́n ti ń wa àwọn ọkọ̀ yẹn. Mọ́tò tó bá kúrò ní Mowe ní ìdájí tó ń lọ sí Ìkẹjà lè lo wákàtí méjì tàbí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ, kí kìlómítà tó rìn má sì pé 40. Dáṣíbọ́ọ̀dù ka kìlómítà, kò ka wákàtí tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí lórí ìdúró. Ẹ tún wo eruku wa nígbà ọyẹ́. Tí ó bá jẹ́ èmi, ọ́ìlì tó dáa, fílítà tó dáa, kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà ni mo máa pè é fún ẹni tó ń wọ súnkẹrẹ fàkẹrẹ lójoojúmọ́. Ẹni tí ọ́ìlì tó rà kò bá dá lójú, kí ó máa bá kìlómítà 3,000 rẹ̀ lọ.

Ọjà ọ́ìlì yẹn gan-an ni iṣẹ́ ti le jù. Títú nọ́ọ̀tì kò le tó o.

Lára gálọ́ọ̀nù, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 5W-30, tàbí 20W-50 tí gbogbo wa mọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ọkọ̀ tó ń jẹ́ SAE ní Amẹ́ríkà ló gbé ìlànà nọ́ńbà yìí kalẹ̀. Èyí tó wà níwájú W ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe ń ṣàn nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bó ṣe kéré sí ni ọ́ìlì ṣe ń yára gòkè tó láàárọ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tí ó bá ti gbóná dé ìwọ̀n 100 ti Celsius. Corolla 2003 tó kún ìgboro wa, 5W-30 ni ìwé rẹ̀ pè fún.

Ẹnìkan á ní: "Àlàyé òyìnbó nìyẹn. Oòrùn ilẹ̀ wa mú, ọ́ìlì tó ki ló bá wa mu." Mo gbọ́. Àmọ́ ooru inú ẹ́ńjìnnì kò tẹ̀lé ooru ìta bí a ṣe rò. Nǹkan kékeré kan wà nínú páípù omi ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní tẹ́mósítáàtì. Òun ló ń ṣí tó ń tì kí omi tó yí ẹ́ńjìnnì ká má bàa tutù jù tàbí gbóná jù. Yálà Chicago ni Corolla náà wà tàbí Ṣakí, nǹkan bí ìwọ̀n 80 sí 90 ni omi yẹn máa ń wà tí gbogbo nǹkan bá pé. Síbẹ̀, mi ò ní bú 20W-50. Àwọn ìwé tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń kọ fún àwọn ìlú olóoru máa ń fàyè gbà á fún àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́, ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ tó sì ń mu ọ́ìlì sì lè gbádùn rẹ̀. Ohun tí mi ò ní fara mọ́ ni kí ẹ ra ọkọ̀ tuntun tí wọ́n kọ 0W-20 sí ọmọrí ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ wá da 20W-50 sí i nítorí pé òun ni wọ́n ń tà ní kọ́nà. Àwọn ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú ẹ́ńjìnnì báyìí ti tín-ín-rín. VVT-i tí ẹ ń rí lára ẹ́ńjìnnì Toyota, agbára ọ́ìlì ló fi ń ṣiṣẹ́. Tí ọ́ìlì bá ki jù tàbí tó dọ̀tí, iná máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ó sì máa pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí kò ṣẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀ nítorí tẹ́mósítáàtì tí mo dárúkọ yẹn. Tí mọ́tò bá gbóná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn mẹkáníìkì kan máa ń ṣe ni pé kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Mọ́tò kò ní gbóná mọ́ lóòótọ́. Kò sì ní gbóná tó bó ṣe yẹ kó gbóná, èyí tó burú fún ọ́ìlì, nítorí pé omi àti bẹntiróòlù tó ń jò sínú ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ kò ní rí ooru tó máa lé wọn jáde. Wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á bá ọ́ìlì jẹ́. Tí wọ́n bá ti yọ tiyín, ẹ ra òmíràn kí wọ́n fi í padà, kí ẹ sì lọ wádìí ohun tó mú un gbóná gan-an.

Mo padà sídìí gálọ́ọ̀nù. Ẹ wá lẹ́tà API lára rẹ̀, èyí tí àjọ epo rọ̀bì Amẹ́ríkà fi ń pín ọ́ìlì sí ìpele. Fún mọ́tò tó ń lo bẹntiróòlù, lẹ́tà S ló máa ń ṣáájú, lẹ́tà kejì á wá máa gòkè bí ọdún ṣe ń gorí ọdún: SJ, SL, SM, SN, SP tó jáde ní 2020, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ọ́ìlì tó pọ́ọ́kú lórí àtẹ, tí ẹ bá yí i wò lẹ́yìn, SF ni wọ́n kọ sí i. API fúnra rẹ̀ sọ pé SF kò yẹ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988. Ẹ̀yin sì ń da á sínú mọ́tò 2008! Fún Corolla yẹn, SL ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀; SM, SN tàbí SP dára jù ú lọ, wọn kò sì ní pa á lára.

Ayédèrú wá ńkọ́? Ó wà, ó sì pọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ́ìlì tí wọ́n ti lò ni wọ́n á sẹ́, wọ́n á bọ́ ọ láwọ̀, wọ́n á rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa ike kiri. Àjọ SON tó ń ṣọ́ ojúlówó ọjà ń lé wọn, wọ́n ń sá, wọ́n tún ń padà wá. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ rà á ní ilé epo ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọ́ìlì náà, tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ náà fún ní ìwé àṣẹ. Ẹ wo ọmọrí rẹ̀ bóyá rọ́bà tó ń já nígbà àkọ́kọ́ ṣì wà ní dídè. Tí owó rẹ̀ bá fi púpọ̀ kéré sí ti ilé epo, ẹ bi ara yín ibi tí ẹni tó ń tà á ti rí èrè. Tí ẹ bá sì lò ó tán, ẹ fi ọ̀bẹ la ike náà kí ẹ tó sọ ọ́ nù. Ike tí ẹ bá sọ nù láìlà, ó lè padà wá bá yín lọ́dún tó ń bọ̀ ní iye owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Fílítà kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ ra tuntun nígbà gbogbo tí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Géètì n'Íbàdàn, wọ́n á gbé èyí tó wọ́n àti èyí tó pọ́ọ́kú síwájú yín. Ìwé inú èyí tó pọ́ọ́kú kéré, rọ́bà tó yẹ kó di ọ́ìlì mú sínú rẹ̀ tí mọ́tò bá sùn mọ́jú kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ ó gbọ́ ariwo irin fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láàárọ̀. Ariwo yẹn ni ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Corolla 2003 yìí kan náà ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ wá sípánà nọ́ńbà 14, olójú yíká tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi sípánà tó ń sún mọ́ra dé ìdí nọ́ọ̀tì yìí, yóò jẹ orí rẹ̀. Ẹ wá abọ́ tó lè gba lítà 5, àrọ, àkísà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti ìwé ìròyìn tí ẹ ó tẹ́ sílẹ̀. Nǹkan tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀ ni irin ìdúró méjì tí wọ́n ń gbé mọ́tò lé lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má wọ abẹ́ mọ́tò tó dúró lórí jáàkì nìkan. Kì í ṣe fún ìṣẹ́jú kan, kì í ṣe láti na ọwọ́ mú sípánà tó já bọ́. Wọ́n ṣe jáàkì fún gbígbé, wọn kò ṣe é fún ìdúró. Rọ́bà inú rẹ̀ lè bẹ́ nígbàkigbà. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tí a fi ń kọ́lé náà kò dára: kì í tẹ̀ kí ẹ tó rí i, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa fọ́. Ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le ni kí ẹ gbé mọ́tò sí, ẹ fa hándíbìréèkì, ẹ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Tí ẹ bá ti gbé e lé irin ìdúró, ẹ fi ọwọ́ mì ín kí ẹ tó wọlé. Tí kò bá sí irin ìdúró, ẹ gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì, kí ẹ dúró tì í níbi tó ti ń ṣe é. Ìyẹn náà dára, ó sàn ju ọ̀fọ̀ lọ.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọ́ìlì tó tutù kì í jò tán. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé lè bó yín lọ́wọ́. Ẹ pa á, ẹ ṣí ọmọrí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ fa géèjì sókè díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì tó wà ní ìdí àwo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lẹ ń wá. Gíà náà ní tirẹ̀ nítòsí o! Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ dán iṣẹ́ yìí wò ló ti tú ọ́ìlì gíà dànù, wọ́n wá da ọ́ìlì tuntun kún ẹ́ńjìnnì tó ti kún tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbé mọ́tò jáde pẹ̀lú gíà tó gbẹ. Tí ohun tó ń jáde bá pupa, ẹ dì í padà kíá. Ọ́ìlì gíà ọtomátíìkì ló máa ń pupa, ti ẹ́ńjìnnì tí a ti lò kì í pupa. Tí ẹ bá dá èyí tó tọ́ mọ̀, ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú u sí apá òsì. Tí ó bá ti dẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tú ìyókù, kí ẹ máa tì í sókè bí ẹ ṣe ń tú u, kí ọ́ìlì má bàa dà sí yín lápá. Ẹ jẹ́ kó jò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ohun tó ń lé yín.

Bó ṣe ń jò lọ, ẹ wo ohun tó ń jáde. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn kí èèyàn ṣe iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ nìyí, nítorí pé kò sẹ́ni tó máa sọ èyí fún yín tí ẹ bá jókòó sábẹ́ igi tí ẹ ń tẹ fóònù. Tí ọ́ìlì bá funfun, tó dà bíi mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, ẹ má wa mọ́tò náà lọ sí ìrìn àjò. Tí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán nínú abọ́, nǹkan ti ń jẹ ara wọn nísàlẹ̀. Tí òórùn bẹntiróòlù bá ń jáde níbẹ̀, ẹ yẹ plọ́ọ̀gì wò. Ẹ tún wo bó ṣe pọ̀ tó. Lítà 3.7 ni Corolla 2003 ń gbà pẹ̀lú fílítà. Tó bá jẹ́ lítà méjì péré ló jò jáde, tí kò sì sí àbàwọ́n ọ́ìlì nílẹ̀ ibi tí mọ́tò ń sùn, ẹ́ńjìnnì ló ń mu ún. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ tó wà nínú Corolla yìí, èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 2005, gbajúmọ̀ fún irú èyí: ihò tí ọ́ìlì fi ń padà sílẹ̀ lára písítìnì wọn kéré, ẹ̀dú á sì dí i. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa wo géèjì rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpààrọ̀.

Ẹ yí fílítà àtijọ́ kúrò. Ọ́ìlì ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ ṣọ́ra. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ fi ọwọ́ kan ojú ibi tó jókòó sí, kí ẹ rí i pé rọ́bà ti àtijọ́ bá a kúrò. Tí rọ́bà méjì bá wà lórí ara wọn, gbogbo ọ́ìlì tuntun yín máa tú jáde láàrin ìṣẹ́jú kan, bóyá lórí afárá. Ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà fílítà, ẹ fọwọ́ yí i títí tó fi kan ojú irin, kí ẹ wá fi ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ìyípo kan kún un. Ọwọ́ tó o, ẹ má fi irin dì í. Nọ́ọ̀tì náà, ẹ pààrọ̀ wáṣà rẹ̀, ẹ dì í kó le, ẹ má fi gbogbo agbára yín fà á. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fi ẹsẹ̀ ti sípánà, àwọn ló ń jẹ eyín nọ́ọ̀tì, wọ́n á sì wá máa fi rọ́bà sọ́lútépù dí ojú rẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kọ́kọ́ da dísẹ̀lì sí i, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ó fi fọ inú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Dísẹ̀lì kò lè gba irin lọ́wọ́ irin, gbogbo rẹ̀ kì í sì í jáde tán. Ìdọ̀tí tó bá tú lẹ́ẹ̀kan náà á lọ dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè.

Ẹ fi àrọ da ọ́ìlì tuntun sí i. Gálọ́ọ̀nù tí ẹ rà jẹ́ lítà 4, mọ́tò yìí sì ń fẹ́ 3.7. Ẹ má tìtorí pé ẹ ti sanwó kí ẹ da gbogbo rẹ̀ sí i. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù máa kan irin tó ń yí nísàlẹ̀, yóò lù ú di ìfófòó, ìfófòó kò sì lè bo irin. Yóò tún máa wá ọ̀nà jáde ní àwọn ojú síìlì. Ẹ da lítà 3.5, ẹ dúró díẹ̀, ẹ wo géèjì, kí ẹ wá máa fi ìyókù kún un. Corolla tó jáde lẹ́yìn 2004 ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo ìwé tirẹ̀. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì: iná ọ́ìlì pupa gbọ́dọ̀ kú láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tí kò bá kú, ẹ pa á kíá. Tó bá kú, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń jò, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ tún wo géèjì. Ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà dáṣíbọ́ọ̀dù sí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Èyí tó wà nínú abọ́ wá ńkọ́? Níbí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń hùwà tí kò yẹ. Wọ́n á gbé e lọ sí gọ́tà. Wọ́n á dà á sídìí ògiri kí koríko má bàa hù, wọ́n á dà á yí ilé ká kí ejò má wọlé. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé omi kànga ni ọ̀pọ̀ ilé n'Íbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta ń mu, kànga náà kì í sì í jìnnà sí ibi tí mọ́tò ń sùn. Àjọ EPA tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì tó jáde látinú mọ́tò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan péré lè ba omi tó tó mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù jẹ́. Ẹ̀dú nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, kẹ́míkà tí jíjó epo ń bí náà wà níbẹ̀. Àwọn olùwádìí ti fi pa awọ ara eku léraléra, jẹjẹrẹ ló sì fà. Nítorí náà ni mo ṣe dárúkọ ìbọ̀wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa tí ẹ ń fi í wẹ ọwọ́ láti kékeré, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò kí ẹ tó jẹun, ẹ má fi bẹntiróòlù fọ ọwọ́, ẹ má fi àkísà rẹ̀ sápò.

Ọ́ìlì yìí sì níye lórí. Àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ń fi í pa inú móòdù, àwọn káfíńtà ń fi í kun igi òrùlé nítorí ikán, àwọn kan ń rà á kó lọ fún ibi tí wọ́n ti ń fi í dáná iléeṣẹ́. Mẹkáníìkì yín mọ ẹni tó ń wá kó o nínú dírọ́ọ̀mù. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dojú fílítà àtijọ́ dé e títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì á fi mọ́ kó lè jò tán, ẹ gbé e lọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní London, ibùdó tí kánsù yín ti ń gba ìdọ̀tí ńlá máa ń gba ọ́ìlì. Ẹ̀yin ti Houston, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́dọ̀ yín ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun kan ló kù lórí kẹ́ẹ̀gì yẹn. Tí ẹ bá ti rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú rẹ̀ rí, kò tún gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná láé, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa àti kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì jọra wọn, àwọn tó ń ra kẹ́ẹ̀gì àlòkù kì í béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà kọ Ọ́ÌLÌ MỌ́TÒ gàdàgbà sí i lára, ní iwájú àti ẹ̀yìn, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó títí ẹ ó fi gbé e lọ.

Àkókò wa ti tó. Ẹ lè padà sídìí fóòmù yín. Ìròyìn ló kàn.